Mọ́tò kékeré kì í ṣe mọ́tò ẹrú

Òfin kan wà lójú títì wa tí kò sí nínú ìwé kankan. Mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ nípa òfin, mi ò rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń wa mọ́tò láti Berger dé Ọ̀jọ́ta, láti Mile 2 dé Oṣòdì, ló mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí òfin náà sọ ni pé ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá tóbi jù ló ni ọ̀nà.

Ẹ wa Kia Picanto, Nissan Micra tàbí Toyota Yaris jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ẹ wà lórí ìlà yín jẹ́jẹ́, ẹ ń sáré níwọ̀n tí òfin fàyè gbà, jíìpù kan á kàn ti ẹ̀yìn yọ bí ìjì. Kò ní dín eré kù. Á sún mọ́ yín débi tí ẹ ò ní rí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ mọ́ nínú dígí, á wá máa ṣẹ́ iná fúùlù sí yín lójú bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ lówó. Tí ẹ bá fẹ́ yà fún un, dánfó tó wà lápá ọ̀tún ò ní gbà fún yín. Tí ẹ ò bá yà, á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á já síwájú yín lójijì, á sì tẹ bíréèkì díẹ̀ láti fi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Kọ̀ńdọ́ dánfó náà á yọrí síta: "Gbé agolo mílíìkì ẹ kúrò lọ́nà jọ̀ọ́!" Tó bá wá jẹ́ obìnrin ló wà nídìí sítíárìn, ìyà rẹ̀ di méjì. Wọ́n á ní kó lọ sílé lọ dáná.

A ti sọ gbogbo èyí di àwàdà. Tí ọ̀rẹ́ wa bá ra mọ́tò kékeré, ohun tí a kọ́kọ́ máa bi í ni pé ṣé àpò ló máa ń gbé e sí tó bá dé ibi iṣẹ́. A ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ó yẹ ká dá ẹ̀rín náà dúró díẹ̀, ká wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìkánjú ló fà á, pé Èkó ló le, pé gbogbo èèyàn ni ìnira ti dà lórí rú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kánjú lóòótọ́, gbogbo ohun tó bá dí i lọ́nà ló máa bí i nínú. Á tẹ fèrè fún jíìpù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún Micra. Ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ńṣe ni wọ́n ń ṣà á ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ wo mọ́tò, wọ́n á fi ojú inú ka owó tó wà lápò ẹni tó ń wà á, wọ́n á ṣírò bóyá ó lẹ́ni lẹ́yìn tó lè fi wọ́n sí wàhálà, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún un. Ojú tí à ń fi wo tálákà nílé àti lọ́fíìsì, òun náà ni a gbé wá sójú títì.

Kì í ṣe àwa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bú orílẹ̀-èdè wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwádìí kan fún yín. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ méjì kan, Anthony Doob àti Alan Gross, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní California, ní Amẹ́ríkà, jáde. Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá. Wọ́n á wa mọ́tò dé ibi iná adarí ọkọ̀, iná á di àwọ̀ ewé, wọ́n á sì kọ̀ láti lọ. Nígbà mìíràn, mọ́tò olówó ńlá tó ń dán ni wọ́n máa ń lò. Nígbà mìíràn, wọ́n á lo mọ́tò àtijọ́ tí kò níyì lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá ń ka iye àkókò tí awakọ̀ ẹ̀yìn máa fi ṣe sùúrù kó tó tẹ fèrè.

Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12, nǹkan bí ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn awakọ̀ ló ti tẹ fèrè fún mọ́tò tí kò níyì. Fún mọ́tò olówó ńlá, ìdá 50 péré ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ wọ́n, lábẹ́ iná kan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju irú mọ́tò tó wà níwájú lọ. Nígbà tó di 2012, Paul Piff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí ní oríta kan ní California kan náà, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń wa mọ́tò olówó ńlá ló máa ń já lu ẹlòmíràn jù nígbà tí kò tíì kàn wọ́n láti kọjá.

Nítorí náà, àìsàn ọmọ aráyé ni. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń ṣe gbogbo ayé a máa le níbi tí kò bá sí dókítà. Ní California, fèrè ni wọ́n ń kà. Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ńpà ni wọ́n fi ń ti èèyàn.

Ẹni kan náà, mọ́tò méjì

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wa mọ́tò kékeré l'Ékòó. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan rìnrìn àjò, ó sì fi jíìpù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ náà ni mo ń gbà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ tí mo máa ń jáde náà ni mò ń jáde. Lórí Third Mainland, kò sí ẹni tó ṣẹ́ iná sí mi lójú. Dánfó tó máa ń fi dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha tèmi dúró kí n kọjá. Níbi iṣẹ́ kan tí mo máa ń lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ń dá mi dúró bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ, tí wọ́n á ní kí n ṣí búùtù, ṣí géètì láti òkèèrè: "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ wọlé, sà!" Láísẹ́ǹsì mi ò yí padà. Ọwọ́ tó di sítíárìn mú kò yí padà. Aṣọ mi gan-an ò yí padà. Irin tó yí mi ká nìkan ni wọ́n ń kí.

Oṣù kan lẹ́yìn tí mo dá jíìpù padà, jíìpù dúdú kan gé mi lọ́nà ní Maryland, ó ṣẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi, ó sì ha ilẹ̀kùn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà náà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn kò tilẹ̀ yí gíláàsì sílẹ̀. Ohun tí dírẹ́bà yìí kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ má bínú sà, mi ò rí yín. Mọ́tò yín ló ti kéré jù." Kí n tó dáhùn, èrò ti pé. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀, ṣebí ẹ̀mí ò lọ sí i." "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." "Ẹ wò ó, ẹ ti fa gó-síló." Màmá kan tó ń ta búrẹ́dì di ọwọ́ mi mú: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀."

Mi ò bínú sí màmá yẹn. Ó mọ ayé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin náà: tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ́ dígí jíìpù yẹn ńkọ́? Èrò máa pé, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ máa wà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa ní kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ojú títì dára, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìjà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó kéré ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó dárí jì, ẹni tó tóbi ni wọ́n sì máa ń bẹ̀ pé kó ṣàánú. Nínú méjèèjì, ẹni kan náà ló máa ń gbé ìnáwó lọ sílé.

Ẹ wo Ìbàdàn náà

Ẹnì kan lè sọ pé títóbi irin ni gbogbo rẹ̀, pé ohun ńlá á máa borí ohun kékeré, bó ṣe rí nínú igbó náà ló rí lójú títì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kó dúró ní Ìwó Road tàbí Mọ́kọ́lá fún ìdajì wákàtí.

Níbẹ̀, Micra ni tasí, tasí sì ni ọba. Micra á dúró sáàárín títì láti gbé èrò láì ṣẹ́ná, á yí padà níbi tó bá wù ú, jíìpù ló sì ń yẹra fún un. Irin kan náà tí wọ́n ń pè ní agolo l'Ékòó ni. Kí ló wá dé? Ẹni tó bá kan Micra tasí kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá á yí i ká kó tó pa iná mọ́tò. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n Micra kan náà, tí olùkọ́ kan fi ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé ní Ìbàdàn kan náà, kò rí irú ọ̀wọ̀ yẹn gbà. Tasí gan-an á fẹ̀gbẹ́ gbá a dànù.

Ohun tí Ìbàdàn ń kọ́ wa nìyẹn. Àwọn awakọ̀ wa kì í wọn mọ́tò, agbára ni wọ́n ń wọ̀n. Ìtóbi kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àmì agbára ni. Gíláàsì dúdú jẹ́ àmì mìíràn. Sáírẹ́ẹ̀nì jẹ́ àmì mìíràn. Fìlà ṣọ́jà tí wọ́n gbé síwájú gíláàsì náà ńkọ́? Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn ló ń jẹ ìyà.

Bẹ́ẹ̀, kò rí báyìí látilẹ̀wá. Ní ọdún 1975, iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó níbí, lójú ọ̀nà Badagry, Beetle tí àwọn òbí wa ń pè ní Ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò. Ìjàpá kéré, ó ń pariwo, inú rẹ̀ há. Síbẹ̀, tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá ra Ìjàpá, gbogbo àdúgbò á bá a yọ̀. Lóde òní, ní Japan, mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní kei, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 660 cc lọ, tí gígùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mítà 3.4 lọ, jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́tò tuntun tí wọ́n ń rà. Ọ̀pọ̀ nínú kòròpe tí a ń wọ̀ níbí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe Land Cruiser ni wọ́n ń wa agolo nílé ara wọn, ojú ò tì wọ́n.

Ó ń pa èèyàn

Tó bá jẹ́ pé ìwọ̀sí lásán ni, mi ò bá má kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí. Ìwọ̀sí a máa dun èèyàn, àmọ́ kì í sábà pa á. Èyí ń pa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Mọ́tò tó ń sáré 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ. Jíìpù tó wà ní mítà mẹ́ta sí ẹ̀yìn yín kò ní àyè kankan láti dúró tí ẹ bá rí kòtò, a sì mọ iye kòtò tó wà lójú títì wa. Picanto kò sábà wúwo ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Jíìpù ńlá lè tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Tírélà tó gbé kọ̀ntẹ́nà lè ju ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lọ. Tí méjèèjì bá kanra, èyí tó fúyẹ́ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀ jù.

Ní ọdún 2009, àjọ kan tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà, IIHS, mú Toyota Yaris kan àti Toyota Camry kan, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì forí sọ ara wọn, kálukú lórí eré nǹkan bíi 64 kìlómítà. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, a sì mọ àwọn méjèèjì bí ẹní mowó níbí. Inú Yaris, níbi tí awakọ̀ jókòó sí, fọ́ wọlé ju ti Camry lọ fíìfíì. Camry ni mò ń sọ o, mi ò tíì dé orí jíìpù.

Ẹni tó ń wa mọ́tò ńlá mọ èyí, bí kò tilẹ̀ ka ìwé. Ó mọ̀ pé tí a bá kanra, tèmi ló máa bàjẹ́ jù, èmi ni wọ́n sì máa gbé lọ sílé ìwòsàn. Òun ló jẹ́ kó láyà láti sún mọ́ mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ló ń lò bí ẹni ń lo ìbọn: kò fẹ́ yìn ín, ó kàn fẹ́ kí n rí i. Ẹni tó bá yọ ìbọn sí èèyàn láti gba ọ̀nà, a mọ orúkọ tí à ń pè é.

Owó ẹ̀rù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kówó jọ láti ra mọ́tò àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ di 617 ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n orí nìkan là ń lò, mọ́tò kékeré ló yẹ kó kún títì wa báyìí.

Àmọ́ kí ni wọ́n máa ń sọ fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ra ọ̀kan? "Má rà á. Wọ́n máa fi ìyà jẹ ẹ́ l'Ékòó. Wá jíìpù rà, bó ti wù kó gbó tó." Ó wá lọ ra jíìpù àtijọ́ kan tó ń mu epo bí ẹni mu omi lọ́jọ́ ààwẹ̀. Ká ní mọ́tò kékeré ń mu lítà mẹ́fà fún 100 kìlómítà, jíìpù náà ń mu 14. Ká ní ẹ ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, tí lítà kan sì jẹ́ 900 náírà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80 lítà, ìyẹn 72,000 náírà lóṣù, 864,000 náírà lọ́dún. Mi ò tíì ka táyà, mi ò tíì ka mẹkáníìkì.

Owó yẹn ni mo ń pè ní owó ẹ̀rù. Kò sí ẹni tó ń san án nítorí pé ó nílò ìjókòó méje. Wọ́n ń san án kí dánfó má bàa tì wọ́n ni. Nígbà tí wọ́n bá sì ti gòkè jíìpù tán, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ná sí Picanto lójú, kí wọ́n lè jẹ èrè owó tí wọ́n san. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò á máa tóbi sí i, títì ò sì fẹ̀ sí i, gó-síló á sì máa gùn.

Kí ni òfin sọ?

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa jíìpù: "Ẹ̀yin onímọ́tò kékeré lẹ máa ń rìn bí ìgbín ní fast lane." Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa lọ jókòó sí ìlà apá òsì pátápátá lórí eré 50, tí wọ́n ń tẹ fóònù. Apá ọ̀tún ni òfin ní kí èèyàn máa rìn, àyàfi tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá rú u, kó gba ìyà tó tọ́ sí i, bó wa Micra, bó wa Prado. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ilé ẹjọ́ tó fún un láṣẹ láti fi bọ́ńpà dájọ́.

Tí ẹ bá sì wo òfin wa dáadáa, ẹni tó tóbi ló bá wí jù. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, mọ́tò àdáni lè sáré dé 100 kìlómítà, àmọ́ tírélà àti ọkọ̀ agbépo kò gbọdọ̀ kọjá 60. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ẹni tó lè ṣe ìpalára jù ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Ìwàkuwà tó léwu wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi owó ìtanràn 50,000 náírà lé lórí. Nígbà tí wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Lónìí, tí ẹ bá rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà, pépà ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Pépà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí pépà rẹ̀ pé pérépéré lè fi bọ́ńpà ti obìnrin kan sínú gọ́tà níwájú wọn, kí wọ́n sì kí i ọ̀gá.

Kí la máa ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ ojú títì gba ẹ̀tọ́ yín. Dandan ni ìńṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní third party fún gbogbo mọ́tò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni wọ́n ń san án lọ́dún fún mọ́tò àdáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ohun ìní ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bàjẹ́. Nítorí náà, tí jíìpù bá kọlù yín, ìńṣọ́ránsì tirẹ̀ ló yẹ kó tún mọ́tò yín ṣe. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ya fọ́tò bí àwọn mọ́tò méjèèjì ṣe dúró kí wọ́n tó kúrò lójú títì, ẹ gba orúkọ iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè gba ẹ̀bẹ̀ pé ẹ ò ní jà. Ìyẹn ò ní kí ẹ má gba owó yín. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan farapa, 122 ni nọ́ńbà FRSC, ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì, kí ìjọba lo kámẹ́rà fún ohun tó ń pa èèyàn. Tí kámẹ́rà bá lè mú ẹni tó rú òfin iná, ó yẹ kó lè mú ẹni tó ń lé ẹlòmíràn ní mítà méjì lórí afárá. Kámẹ́rà kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, kì í sì í sọ pé "ọ̀gá, ẹ kọjá".

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn nínú jíìpù, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà jù. Dírẹ́bà yín ń wa mọ́tò bó ṣe rò pé ẹ fẹ́. Tí ẹ bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Fi àyè sílẹ̀ fún ẹni iwájú," á gbọ́. Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin kan àwa onímọ́tò kékeré fúnra wa. Mo ti rí Picanto tí jíìpù ṣẹ̀ṣẹ̀ tì kúrò lọ́nà, tó sì yí padà lọ ti kẹ̀kẹ́ Marwa. Kẹ̀kẹ́ náà yí, ó ti ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ó ní kí màmá kan fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wa la ń sunkún ẹni tó wà lókè wa, gbogbo wa la sì ń jẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀ níyà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun láyè, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo mọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń gbèjà mọ́tò kékeré. Wọ́n á ní, "O ò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ o. Ó lè jẹ́ dókítà. Ó lè jẹ́ adájọ́ tó kórìíra ariwo. Ó lè jẹ́ olówó tí kò fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí." Mo mọ̀ pé inúure ló mú wọn sọ ọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan pàtàkì kí wọ́n tó má tì í sínú gọ́tà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹni tó wà nínú Micra yẹn kì í ṣe dókítà, kì í ṣe adájọ́, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Abuja, mọ́tò yẹn sì ni gbogbo ohun tó ní láyé. Ìlà tó wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ dín eré kù, kí ẹ jẹ́ kó kọjá.